Ìlà Máákà Lára Rìsíìtì

Ẹ bá mi wo ọkùnrin yìí o. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni Elroy Vandenhouten. Ó ga bí òpó iná, ìyàwó ẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ ẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kó lọ sí Milwaukee, ó sì fi ọdún méjìdínlógójì tún ẹ̀rọ ṣe nílé iṣẹ́ pépà tó wà létí odò ní ìlú Kaukauna. Ẹ̀rọ tó tó ilé alájà méjì, tó bá dákẹ́ lóru, Elroy ni wọ́n máa ń lọ jí. Kò bẹ̀rù ẹ̀rọ, kò bẹ̀rù yìnyín, kò bẹ̀rù ọ̀gá. Ṣùgbọ́n tó bá ti di aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé, tó bá ti ku ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kó dé ẹnu ọ̀nà àbájáde ilé ìtajà ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀, ẹ̀rù á bẹ̀rẹ̀ sí í bà á. Marlys Zastrow ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn.

Marlys ló ń wo rìsíìtì. Ẹni tó bá rajà níbẹ̀, tó sanwó tán, kò tíì lè lọ. Ó gbọ́dọ̀ tò, kó fi rìsíìtì han Marlys. Marlys á wo rìsíìtì, á wo inú kẹ̀kẹ́ ẹrù, á fi máákà fa ìlà gbọọrọ kan sórí ìwé náà, á dá a padà: "Ó ti tán, ẹ máa lọ ire." Kéèyàn tó ka ení, èjì dé àrún, ó ti parí. Àfi tí ọmọdé bá wà nínú kẹ̀kẹ́. Ìgbà yẹn ni Marlys máa yí rìsíìtì, táá fi bírò ya màlúù sí ẹ̀yìn ẹ̀: ojú méjì, ìwo méjì, imú ràbàtà. Ọmọdé tí wọn ò bá ya màlúù fún, ẹkún ló máa gbé délé. Opó ni Marlys náà, irun ẹ̀ funfun báláú, ẹnu ẹ̀ sì mú. Kò sí oníbàárà tí kò ní orúkọ lọ́dọ̀ ẹ̀. Ó ní ẹnì kan tó ń jẹ́ Ìyá Ológbò Mẹ́fà, ó ní ẹnì kan tó ń jẹ́ Olóyè Sọ́sééjì.

Ọ̀gbẹ́ni Bátìrì ló ń pe Elroy.

Ẹjọ́ Elroy kọ́, ẹjọ́ ilé ìtajà náà ni. Wọn kì í ta nǹkan ní ẹyọ níbẹ̀. Èèyàn á fẹ́ ra ọṣẹ kan, ogún ni wọ́n máa dì fún un. Ọkùnrin tó ń dá gbé, tó ń jẹ ẹyin méjì láàárọ̀ àti búrẹ́dì lálẹ́, kí ló fẹ́ lọ rà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Ṣùgbọ́n tí kò bá rajà, kò ní gba rìsíìtì. Tí kò bá gba rìsíìtì, kò ní rí nǹkan fi han Marlys. Bó ṣe di pé ó ń ra bátìrì méjìdínláàádọ́ta nìyẹn, tó tún ra òmíràn, tó tún ra pépà ìnùdí àti mọ́sítádì. Tó bá wá dé ọ̀dọ̀ obìnrin náà tán, ẹ mọ nǹkan tó máa ń ṣe? Á na rìsíìtì sí i, á gbójú sílẹ̀, á máa wo bàtà ara ẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ jí i. Wọ́n á dá rìsíìtì padà, á tì í bọ àpò, á sá jáde. Tó bá délé, á jù ú sínú agolo kọfí kan lórí fìríìjì. Àgbàlagbà o! Ó máa ń ṣe mí bíi kí n gbá a létí.

Norb Lemmens, aládùúgbò ẹ̀ tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ pépà, ló tú u fó. Lálẹ́ Fúráìdé kan, ó wá yá ṣọ́bìrì tí wọ́n fi ń kó yìnyín. Bó ṣe ṣílẹ̀kùn ilé ọkọ̀ Elroy báyìí, ẹnu ẹ̀ ò lè padé.

"Elroy, ṣé ogun fẹ́ jà ni?"

"Ogun wo?"

"Pépà ìnùdí títí kan àjà! Mọ́sítádì tí wọ́n lè fi kun ilé! Kí lo fẹ́ fi gbogbo bátìrì yìí ṣe? Tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo lo ní láyé ẹ, ó sì wà lọ́wọ́ mi láti èṣí."

"Bí wọ́n ṣe ń tà á nìyẹn. Wọn kì í ta ẹyọ."

"Ta ló ní kó o máa rà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?" Norb gbé ṣọ́bìrì jù sílẹ̀, ó wo ojú ẹ̀ dáadáa. "Háà. Ta ni obìnrin náà?"

Elroy fẹ́ parọ́, ṣùgbọ́n etí ẹ̀ ti pọ́n, ó bá dárúkọ Marlys. Norb rẹ́rìn-ín títí ó fi di odi mú. Nígbà tí ẹ̀rín ẹ̀ rọlẹ̀, ó ní, "Èyí tó ń ya màlúù yẹn? Obìnrin dáadáa ni. Kí lo wá fẹ́?"

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyí. Ìgbà Lẹ́ńtì ni, ààwẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde tí wọn kì í jẹ ẹran ní Fúráìdé, gbogbo Fúráìdé ni wọ́n sì ń dín ẹja nínú gbọ̀ngán abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì: ẹja, pánkéèkì pòtétò, kábéèjì, búrẹ́dì dúdú. Gbogbo ìlú ló ń lọ. Nígbà tí Dolores ìyàwó ẹ̀ wà láyé, tábìlì kan náà ni wọ́n máa ń jókòó sí lẹ́bàá fèrèsé. Láti ọdún mẹ́rin tó ti kú, Elroy kì í wọlé mọ́. Á ní kí wọ́n di tòun fóun, á gbé e lọ sínú ọkọ̀ ẹ̀ ní páàkì, á dá a jẹ níbẹ̀ pẹ̀lú rédíò, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i pé òun nìkan ló jókòó. Ọdún mẹ́rin ló ti ń jẹ ẹja sí orí itan. Ó ti sú u.

"Fúráìdé méjì ló kù kí Lẹ́ńtì parí," ó ní. "Mi ò fẹ́ jẹ èyí tó gbẹ̀yìn nínú ọkọ̀. Òun ni mo fẹ́ kó bá mi lọ."

"Sọ fún un nígbà yẹn."

"Báwo? Èèyàn ogún máa ń wà lẹ́yìn mi. Kéèyàn ka àrún, ó ti parí!"

"Kọ ọ́ síwèé, ọ̀rẹ́ mi. Ṣebí ìwé náà lo ń fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?"

Elroy ò sùn dáadáa mọ́jú Sátidé. Nígbà tó di àárọ̀, ó ra bátìrì ẹ̀, ó sanwó, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta sọ́sééjì gbígbóná, ó yí rìsíìtì dojú dé, ó fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ẹ̀ pé: *Marlys, ṣé ẹ máa bá mi lọ jẹ ẹja ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Fúráìdé? Èyí tó ń bọ̀ tàbí èyí tó gbẹ̀yìn, èyíkéyìí tó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Elroy (bátìrì).* Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó lọ tò.

Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà, ara Marlys ò sì lélẹ̀. Rédíò ìbánisọ̀rọ̀ tó fi kọ́ àyà ń han gooro, Tanner máníjà ń pè é. Elroy na ìwé sí i, ó gbé ẹ̀yìn ẹ̀ sókè kó lè rí i. Ó wá tún wo bàtà ẹ̀. Ó gbọ́ tí máákà dún ṣìì. Ó gbọ́ tí Marlys ní, "Ó ti tán, Ọ̀gbẹ́ni Bátìrì." Ìwé sì ti padà sí i lọ́wọ́.

Inú ọkọ̀ ló ti yí i wò. Ìlà dúdú kan, tó nípọn bí ìka ọwọ́, gba àárín ọ̀rọ̀ ẹ̀ kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gba orí "Marlys," ó gba orí "ẹja," ó gba orí "Elroy."  Obìnrin yìí ò tiẹ̀ kọ "rárá." Ṣe ló wọ́gi lé òun, bí wọ́n ṣe ń wọ́gi lé ẹni tí kò wá síbi iṣẹ́ mọ́. Ó jókòó síbẹ̀ títí yìnyín fi bo gíláàsì iwájú ọkọ̀. Ká sòótọ́, ó dùn ún dé egungun.

Fúráìdé yẹn, inú ọkọ̀ náà ló ti jẹ ẹja ẹ̀. Kò tiẹ̀ tan rédíò.

Tí ìbànújẹ́ bá pẹ́ lára ọkùnrin báyìí, ìbínú ló máa ń dà. Nígbà tó fi máa di Sátidé kejì, Elroy ti ń rojọ́ òfin fún Norb. "Nǹkan tí mo bá ti sanwó ẹ̀, tèmi ni! Kò sí òfin tó ní kí n fi ìwé han ẹnikẹ́ni kí n tó gbé ẹrù mi lọ sílé. Kò sẹ́ni tó tún máa fa ìlà kankan sí mi lára."

"Má lọ síbẹ̀ mọ́ nígbà yẹn," Norb ní. "Ilé ìtajà pọ̀."

"Ẹyin ni mo fẹ́ rà. Àjíǹde ti dé tán."

"Adìyẹ ọ̀dọ̀ wọn nìkan ló ń yé, àbí?"

Elroy mú kọ́kọ́rọ́. Ó wa ọkọ̀ lọ, ó ra ẹyin márùndínlọ́gọ́rin, ó gbé orí sókè, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ ìlà àwọn tó tò kọjá, bí ọba.

"Ọ̀gbẹ́ni Bátìrì!" Marlys pè é. "Rìsíìtì yín dà?"

Kò wẹ̀yìn.

"Elroy Vandenhouten! Ẹ dúró níbẹ̀ yẹn!"

Ó dúró. Kò mọ̀ pé obìnrin náà mọ orúkọ àbísọ òun, áḿbọ̀sì orúkọ bàbá. Ó yíjú padà, ó ní, "Òfin ò ní kí n fi hàn yín. Mo ti sanwó."

"Òfin! Ta ló ń bá yín sọ òfin? Ẹyin ni mo fẹ́ kà."

Ọkùnrin kan tó gbé áísìkiriìmù fajú ro. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ, nǹkan mi ti ń yọ́ o!" Ìyá kan tó ra mílíìkì gálọ́ọ̀nù mẹ́rin ní, "Ẹ fi ìwé hàn wọ́n, bàbá, kí ló le tó yẹn?" Tanner sáré dé, rédíò lọ́wọ́. Ẹni ọgbọ̀n ọdún tó ń kánjú ṣáá ni.

"Ṣé kò sí wàhálà, sà? Ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni."

"Ìṣẹ́jú àáyá kan!" Elroy pariwo. "Ìṣẹ́jú àáyá kan náà ló gbà lọ́sẹ̀ tó kọjá kó tó wọ́gi lé mi. Ó tó mi. Mi ò tún fẹ́ ìlà mọ́."

Marlys fọwọ́ lé ìbàdí. "Kí ni mo wọ́gi lé? Gbogbo ayé ni mò ń fa ìlà fún. Iṣẹ́ mi ni!"

Elroy ti ọwọ́ bọ àpò àyà, ó fa rìsíìtì kan yọ tó ti ká tán. Ẹ wò ó o, ó ní obìnrin ti já òun jù sílẹ̀, ó ń gbé ìwé ẹ̀ káàkiri láyà. Ó tẹ́ ẹ, ó nà án sí i. Marlys fi gíláàsì sójú, ó wò ó. "Bátìrì, méjìdínláàádọ́ta. Mo kà á, ó pé, mo fa ìlà. Kí ló burú níbẹ̀?"

"Ẹ yí i."

Ó yí i. Ó kà á.  Ó tún kà á. Ojú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n díẹ̀díẹ̀ láti ọrùn lọ sókè.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?" ni ìyá onímílíìkì ní.

"Ẹ kà á sókè!" ni alá-áísìkiriìmù ní.

"Ṣebí tiyín ń yọ́?" Tanner bi í.

"Ẹ jẹ́ kó yọ́!"

Marlys gbé ìwé náà sókè síbi iná. "Elroy, ọdún mélòó lẹ fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ pépà?"

"Méjìdínlógójì."

"Ọdún méjìdínlógójì! Ẹ wá ń wo pépà tó fẹ́lẹ́ báyìí, ẹ ò mọ̀ pé tádàwá máa ń là á kọjá sódì kejì?" Ó na ìwé náà sí i. "Ẹ wò ó! Iwájú ni mo fa ìlà sí. Máákà yẹ́lò mi tán, Tanner lọ gbé àwọn dúdú gbẹngbẹ yìí wá fún mi. Ó là á kọjá! Ẹ̀yin lẹ gbé ẹ̀yìn sókè, èmi ni mo yí i síwájú bí mo ṣe ń yí gbogbo ìwé. Mi ò rí lẹ́tà kankan. Bátìrì ni mo wọ́gi lé, n ò wọ́gi lé ẹnikẹ́ni!"

Elroy gba ìwé. Ó fi àtàǹpàkò ra á, bó ṣe máa ń ra pépà nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Lóòótọ́, ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Lóòótọ́, iwájú ló dúdú jù. Ìtìjú bò ó, ṣùgbọ́n àyà ẹ̀ fúyẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò tiẹ̀ mọ èyí tó fẹ́ tẹ̀ lé. Àwọn èèyàn tó tò ti ń rẹ́rìn-ín, ìyá onímílíìkì ń nu ojú.

"Kí wá ni ìdáhùn?" Elroy bi í. Ó wo ojú ẹ̀ gan-an, kò wo bàtà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

"Mi ò ní dáhùn."

Gbogbo ìlà hó yèè. Tanner pàápàá ní, "Ah-ah, Marlys!"

"Ìwọ dákẹ́. Ìwọ lo ní kí n má yàwòrán mọ́ torí èrò pọ̀. Ká ní o jẹ́ kí n yí ìwé lọ́jọ́ yẹn, ṣé mi ò ní rí i?" Ó kọjú sí Elroy. "Níbo lẹ̀ ń kó rìsíìtì sí tẹ́ ẹ bá délé?"

"Nínú agolo kọfí."

"Ẹ ò dà wọ́n nù?"

"Rárá."

"Ẹ dúpẹ́. Ìdáhùn mi wà nílé yín. Ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀. Ẹ gbé rìsíìtì ẹyin yẹn wá kí n fa ìlà, kẹ́ ẹ lọ sílé, kẹ́ ẹ lọ yí àwọn ìwé yín."

Ó fún un láìjanpata. Marlys ka ẹyin, ó fa ìlà. Elroy wakọ̀ lọ sílé, ó ṣèèṣì kọjá ilé ara ẹ̀, ó ní láti ṣẹ́rí padà. Norb ti wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọlọ́pàá ti mú un.

Wọ́n da agolo kọfí sórí tábìlì ilé ìdáná. Bátìrì, bátìrì, mọ́sítádì, pépà ìnùdí. Elroy mú èyí tó wà lókè, ó yí i.

Màlúù ló wà níbẹ̀. Ó dé fìlà.

Ó yí òmíràn. Màlúù tó gbé ṣọ́bìrì yìnyín. Ó yí òmíràn. Màlúù tó gbé bátìrì sábẹ́ apá, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Norb bá a yí wọn, wọ́n ń tò wọ́n sórí tábìlì bí ayò. Mọ́kànlá ni wọ́n, láti oṣù kìíní. Lábẹ́ ọ̀kan, nínú oṣù kejì, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ wínníwínní pé: *Ṣé ẹ kì í rẹ́rìn-ín ni?* Gbogbo Sátidé ni obìnrin yìí ń yí ìwé, tó ń ya màlúù fún un níṣojú ẹ̀, tí ọ̀gbẹ́ni ń wo bàtà.

"Elroy," Norb ní, ohùn ẹ̀ sì lọ sílẹ̀, "wo èyí."

Ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú Lẹ́ńtì ló wà lórí ẹ̀. Màlúù méjì ló wà níbẹ̀, tí wọ́n jókòó sí tábìlì kan. Ẹja wà láàárín wọn. Lábẹ́ ẹ̀, ó kọ ọ́ pé: *Mo rí yín nínú ọkọ̀ yín ní páàkì ṣọ́ọ̀ṣì. Ìjókòó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú ilé. Marlys.*

Elroy fi ọwọ́ bo ojú. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún, kò sì bìkítà pé Norb ń wo òun. Odindi oṣù kan ni ìwé yìí ti wà lórí fìríìjì. Òun tó ní wọ́n wọ́gi lé òun, òun gan-an ni wọ́n ti pè tí kò jẹ́.

"Ojú ẹ fọ́," Norb ní. "Pátápátá ló fọ́." Ó wá lọ wá pẹ́ńsùlù kan fún un láìjẹ́ pé ó béèrè.

Nígbà tó di aago márùn-ún Fúráìdé, Elroy kan ilẹ̀kùn ilé Marlys. Ó ti fárùngbọ̀n, ó wọ kóòtù tí kò wọ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú Dolores, ó sì ti kó bátìrì kúrò lórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà. Marlys ṣílẹ̀kùn. Kí ó tó kí i, Elroy ti na rìsíìtì kan sí i, èyí tó ní màlúù méjì. Ó ti fi pẹ́ńsùlù kọ "Bẹ́ẹ̀ ni" sábẹ́ orúkọ Marlys.

"Ẹ pẹ́ kẹ́ ẹ tó dé o," ni Marlys wí.

Ó gbé gíláàsì sójú. Ó wo iwájú ìwé náà, ó yí i, ó wo ẹ̀yìn ẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló lọ mú kóòtù ẹ̀.